Òwú kan láti Èkó dé Salvador

Aláró ni mí. Ìtókú ní Abẹ́òkúta ni ìsọ̀ mi wà, ibẹ̀ náà ni ìyá mi ti tajà kí ẹsẹ̀ tó máa dùn ún. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń rẹ aṣọ nílùú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsílì, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi bí a ṣe ń di àdìrẹ oníko han àwọn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Mo ń kọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́nà, àti nítorí ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀.

Kí n tó lọ, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé nínú Lọ́ńdọ̀nù àti Bahia, èwo ló jìnnà sí Èkó jù, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bísí ọmọ mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ bàálù, ẹ jẹun, ẹ tòògbé díẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ de bẹ́líìtì, ẹ ti dé nìyẹn. Bahia ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ayé parí sí. Nígbà tí ìyá mi bèèrè pé, "Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn ju ti Bísí lọ báyìí?", mo dá a lóhùn pé, "Màámi, á tó ìlọ́po méjì rẹ̀."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì wà níbẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó jáde lọ, ó sì gbé gílóòbù tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọlé, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ya àwòrán ayé sí lára. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá òwú kan." Mo fa ọ̀kan yọ nínú èyí tí mo fi ń di aṣọ. Ó ní kí n fi ìka tẹ ìdí òwú náà mọ́ Èkó, kí n má gbé e. Òun wá na ìyókù títí ó fi le, ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ta kókó síbẹ̀. Láì jẹ́ kí n gbé ìka kúrò, ó yí òwú náà sápá ìwọ̀-oòrùn, ó rẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó gba orí omi lọ. Kókó yẹn bọ́ sí etíkun Bùràsílì. Ó ku bíńtín kó kan Salvador. Mo to ìka lé e láti fi wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́rin sí Lọ́ńdọ̀nù, ìka mẹ́rin sí Salvador. Ìyá mi na ọrùn láti orí àga rẹ̀, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọkùnrin náà wá là á yé wa. Ó ní bí èèyàn bá yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 40,000 kìlómítà. Wọ́n pín àyíká náà sọ́nà 360, ìpín kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ bíi kìlómítà 111. Láti pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá ní Ìkẹjà sí Heathrow, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ìpín 45 ni, ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé, bíi kìlómítà 5,000. Láti Ìkẹjà kan náà sí pápákọ̀ Salvador, bíi kìlómítà 5,085 ni. Èyí tó fi lé kò ju bí ẹni rin Abẹ́òkúta sí Èkó lọ. Ó ní máàpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń tan ojú wa, torí ayé rí rogodo, bébà sì tẹ́jú. Òwú tí a bá nà le lórí gílóòbù ló ń fi ọ̀nà tó kúrú jù hàn. Ó fi ti New York ṣe àpẹẹrẹ: lórí bébà, a ó rò pé láti Èkó lèèyàn ti máa bọ́ sórí òkun. Òwú gba orí Burkina Faso, Málì àti Mọriténíà kó tó kan omi, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bíi kìlómítà 8,440.

Ó tún kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń sọ kìlómítà di wákàtí, èyí sì wúlò fún mi ju ìyókù lọ. Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán máa ń sáré bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín ọ̀nà yín, kí ẹ sì fi bí ogójì ìṣẹ́jú kún un, torí pé bàálù kì í yára lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Kò ní bá a mu géérégé. Atẹ́gùn wà lókè tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, pàápàá lápá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí Lọ́ńdọ̀nù sí New York fi ń gba bíi wákàtí mẹ́jọ ní àlọ, tí àbọ̀ á sì jẹ́ bíi méje. Àmọ́ ẹ ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo ṣe é fún Lọ́ńdọ̀nù, ó bá èyí tí mo mọ̀ mu. Mo ṣe é fún Salvador: wákàtí mẹ́fà ó lé bí ogún ìṣẹ́jú. Aago tiwọn sì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Bí bàálù bá gbéra l'Ékòó láago mẹ́jọ àárọ̀, aago wọn ò ní tíì lu mọ́kànlá àárọ̀ tí ń ó fi dé ọ̀hún.

Ìyẹn bí bàálù bá ń lọ tààrà. Lọ́dún tí mo lọ, kò sí.

Ẹni tó ń bá mi gé tíkẹ́ẹ̀tì fi ọ̀nà méjì síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni kí n gba Yúróòpù, kí n dé Lọ́ńdọ̀nù, kí n ti ibẹ̀ lọ sí Lisbon, kí n wá ti Lisbon sọdá sí Salvador, bíi kìlómítà 13,000 lápapọ̀. Àmọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù wọ̀nyẹn, kódà bí kò bá ní jáde síta. Mo ti gba físà Bùràsílì. N kò lágbára àtitún máa tò nítorí ìlú tí mo kàn fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà kejì ni kí n gba Addis Ababa ní Ìtíópíà, kí n ti ibẹ̀ lọ sí São Paulo, kí n wá wọ bàálù abẹ́lé dé Salvador. Èyí ni mo mú. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìwọ̀-oòrùn wa ni Bùràsílì wà, Ìtíópíà wà ní ìlà-oòrùn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣakí, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún gbé gílóòbù náà. Ìka mẹ́ta sí Addis, ìka mẹ́jọ láti Addis sí São Paulo, ìka kan sí Salvador. Méjìlá, níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀ fún mi: bíi 3,900, bíi 9,930, bíi 1,450. Kò ní dín ní kìlómítà 15,200.

Ọjọ́ Ajé la gbéra ní Ìkẹjà, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ la máa dé Addis, mo sì ti ń rò ó pé wákàtí méje ni. Wákàtí márùn-ún ni. Aago ìlú téèyàn ń dé sí ni wọ́n máa ń kọ, aago Addis sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ẹ má fi ojú lásán yọ àkókò kan kúrò nínú èkejì lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú jù: aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ní Addis, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́ ní São Paulo. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀ ni. Wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la lò lókè, torí wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín aago ìlú méjèèjì.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn mọ́jú ní Addis, ọmọkùnrin tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ní kí n múra, pé ọkọ̀ tó máa gbé wa padà sí pápákọ̀ máa dé láago kan. Àyà mi já. Aago kan òru kẹ̀? Mo wẹ̀, n kò sùn, mo gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀, mo sì jókòó sí iwájú hòtẹ́ẹ̀lì nínú òtútù, torí orí òkè ni Addis wà, òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Bàbá ọlọ́dẹ kan rí mi. Ó wo aago ara ògiri, ó wò mí, ó sì na ọwọ́ sápá ibi tí oòrùn ti máa yọ. Ó na ìka kan sókè. Ó tún fi ọwọ́ júwe oòrùn bó ṣe ń gòkè, ó na ìka kejì. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago tiwọn. Aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ń lo aago tí gbogbo ayé ń lò, àmọ́ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ á bá yín sọ ti ilé rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, mo padà lọ fi wákàtí mẹ́rin sùn. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń bèèrè pé, "Aago ta ni?"

Ohun tó dùn mí jù lọ́nà ṣẹlẹ̀ láàárín Addis àti São Paulo, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn àga iwájú mi ń fi ibi tí bàálù wà hàn. A ti kọjá àárín Áfíríkà, a ti bọ́ sórí òkun. Nígbà tó tó bíi wákàtí márùn-ún tí a ti gbéra, mo rí orúkọ Èkó lọ́wọ́ ọ̀tún, lókè àwòrán bàálù. Ó jìn sí wa bíi kìlómítà 1,500, àmọ́ orí ìlà kan náà ni a wà, àwa nísàlẹ̀, Èkó lókè. Mo ka iye ọ̀nà tí mo ti rìn: ó lé ní kìlómítà 8,200. Mo ti sùn ìlú onílùú mọ́jú. Mo ti lo wákàtí mẹ́wàá nínú bàálù. Ó wá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo fi ìka tọ́ka sí Èkó fún un. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí.

Ní São Paulo, ẹ̀bi tèmi ló wà níbẹ̀. Kí owó lè dín kù, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì São Paulo sí Salvador lọ́tọ̀, ti aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́. Bíi wákàtí méjì ló wà láàárín, mo rò pé ó pọ̀ tó. N kò mọ̀ pé ibi téèyàn bá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Bùràsílì náà ló ti gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, kó gba ẹrù rẹ̀, kó gbé e kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, kó tó tún lọ já a sílẹ̀ fún ọkọ̀ abẹ́lé. Ìlà náà gùn. Ẹrù pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí n tú àpótí. Aṣọ mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀, òórùn aró sì bo ibẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó fi ọwọ́ pa á, ó wo ìka rẹ̀, aró ti mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Láti Tẹ́mínà 3 sí Tẹ́mínà 2, mo ń ti ẹrù, mo ń sáré. Mo débẹ̀, wọ́n ti pa ìlẹ̀kùn. Nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sí ẹni tó jẹ mí ní nǹkan kan. Mo ra òmíràn ti aago mẹ́fà àárọ̀, mo fi ìró bora lórí àga irin, mo sì sùn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo dé Salvador. L'Ékòó, aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó pé wákàtí 47 tí mo ti kúrò ní Ìkẹjà. N kò tilẹ̀ ka Abẹ́òkúta sí Ìkẹjà mọ́ ọn. Nínú rẹ̀, nǹkan bí ogún wákàtí ni mo lò lókè, ìyókù jẹ́ ti ìdúró, ìlà àti àga irin. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní lọ́dún 1930, ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Jean Mermoz gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà sọdá òkun yìí kan náà dé Natal ní Bùràsílì, bíi wákàtí 21 ló sì gbà á.

Mélòó kan nínú àwọn obìnrin náà wá pàdé mi. Ọ̀nà tó jáde láti pápákọ̀ wọn, ọparun ló dorí kodò bò ó lápá ọ̀tún àti òsì, bí ẹni gba abẹ́ àtíbàbà kọjá. Wọn ò jẹ́ kí n dé ilé kí n tó jẹun. Wọ́n dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tó gbé agbada kaná lẹ́bàá títì. Epo pupa ló wà nínú agbada. Kí wọ́n tó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ni mo ti mọ̀ ọ́n: àkàrà ni, ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń polówó àkàrà pé ẹ wá jẹ. Ìyá yẹn la tirẹ̀ láàárín, ó rọ edé gbígbẹ sínú rẹ̀. Mo mú u lọ́wọ́, ó gbóná, epo ń kán sí mi níka. Gbogbo àárẹ̀ wákàtí mẹ́tàdínláàádọ́ta wá wó lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì sunkún.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, a di aṣọ, a rẹ ẹ́, a tú u. Obìnrin tó gbà mí sílé mú aṣọ kan jáde tó jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi sí èjìká. Wọ́n ń pè é ní pano da Costa, aṣọ Etíkun, etíkun tiwa ni wọ́n ń sọ. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra l'Ékòó tààrà, á kó aṣọ, obì àti ọṣẹ dúdú lọ sí Bahia, á sì kó tábà bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀tẹ̀ Málè, ní Salvador nínú oṣù Kìíní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà wálé. Àwọn ni Àgùdà, àwọn ló tẹ Pópó Àgùdà dó l'Ékòó, ọmọ wọn kan, João Baptista da Costa, sì wà nídìí iṣẹ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Bahia nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un ti Salvador wá sí Èkó lọ́dún 1875 kó wá kàwé. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ó ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tọ́. Inú ń bí mi nígbà tí mo bá rántí pé àwọn tó ń fi ìgbòkun rìn kò dé Ìtíópíà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Ó yẹ kí bàálù wà lójú ọ̀nà yìí. Èrò wà, ẹrù wà, kò sì jìn ju ibi tí à ń lọ lójoojúmọ́.

Nígbà àbọ̀, mo sanwó kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, Salvador sí Èkó, ó sì wọ́n díẹ̀. Wọ́n gba ẹrù mi ní Salvador, n kò tún rí i mọ́ àfi ní Ìkẹjà. Mo fi aṣọ òtútù sínú báàgì ọwọ́. Mo kọ aago ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, mo sì kọ iye wákàtí tí bàálù kọ̀ọ̀kan máa lò lókè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógójì ni mo fi dé. Ó ṣì pọ̀, àmọ́ n kò sùn sórí irin.

Ìyá mi jẹ́ kí n jẹun kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé gílóòbù yẹn wá. Òwú náà ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú kókó rẹ̀. Ó fi ìka tirẹ̀ tẹ Èkó, ó na òwú sí Lọ́ńdọ̀nù, ó na án sí Salvador, ó tún na án sí Lọ́ńdọ̀nù.

"Ibí yìí náà ni wọ́n wà," ó ní. "Kí lẹ wá ń wá lọ sí Ìtíópíà?"